Ìyá Oge àti Idẹ Tí Gbogbo Ènìyàn Lè Kà

Kí n tètè sọ ọ́, kó má baà dà bíi pé mo fi nǹkan pamọ́ fún yín: obìnrin tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Ìyá Oge kì í ṣe ológe rárá. Ẹ̀wù iṣẹ́ méjì ló ní. Ọ̀kan ti jó lápá, èkejì kò ní bọ́tìnnì méjì níwájú. Kì í kun àtíkè, kì í lé tìróò. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ débi pé ó máa ń rìn bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ni dígí kékeré kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó máa ń wà nínú àpò rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí iṣẹ́ tuntun bá ti dé, tí bébà iṣẹ́ náà sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, á fọwọ́ kan àpò, á ní inú ń run òun, ó di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bó bá fi máa jáde, ó ti mọ gbogbo ohun tó wà nínú bébà náà látòkè délẹ̀.

"Wọ́n tún ti lọ wojú," làwọn òṣìṣẹ́ yòókù á wí, wọ́n á máa ṣẹ́jú síra wọn. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, kí ló kù lójú rẹ̀ tí kò tíì rí? Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ dígí náà gbóná lọ́jọ́ kan. Ó ní ta ni ìyàwó òun ń wojú fún níbi iṣẹ́. Ìyá Oge ní ẹ̀rọ ni. Ọkùnrin náà ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Wúrà ni wọ́n ń tẹ̀ nílé-iṣẹ́ náà. Kì í ṣe wúrà tí wọ́n ń fi sọ́rùn o, ẹ má jẹ́ kí ojú yín wọ̀ ọ́. Ṣé ẹ ti rí àkọlé tó ń dán yinrin lẹ́yìn ìwé ńlá rí, tàbí òdòdó wúrà lórí páálí lọ́fínńdà? Ẹnì kan ló dúró tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà sára idẹ, kí lẹ́tà rẹ̀ yọ sókè. Wọ́n á de idẹ yẹn mọ́ ẹ̀rọ, iná á mú un gbóná, wọ́n á na bébà wúrà tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ á sì tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ èèpo ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀ẹ́. Wúrà á kúrò lára bébà, á lẹ̀ mọ́ ìwé. Bí iná bá pọ̀ jù, lẹ́tà á wú bí ẹni tí oyin ta. Bí kò bá tó, wúrà á ṣí kúrò bí èépá. Ẹ̀rọ ní aago tó ń sọ bí iná ṣe gbóná tó, ṣùgbọ́n Ìyá Oge ò wo aago yẹn rí. Á fi ìka ta omi díẹ̀ sára irin, á tẹ́tí sí bó ṣe ń ta ṣàá, á ní, "Ó kù díẹ̀," tàbí, "Ó ti yá." Kò ṣìnà rí.

Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa idẹ, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Òdì ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti fi òǹtẹ̀ tẹ ìwé rí ti mọ ohun tí mò ń wí. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ lára idẹ, ọwọ́ òsì ló ń parí sí, gbogbo lẹ́tà á sì kẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí. Ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ló ń tọ́.

Ìyá Oge kò rí ilé-ìwé lọ. Nígbà tó dé ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Nígbà yẹn, àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń gbẹ́ lẹ́tà sára idẹ. Bàbá Onídẹ ni wọ́n ń pè é, bàbá náà kò sì lè dákẹ́ ẹnu, àní bó bá ń jẹun. Ó pe agbálẹ̀ pé kó wá máa bá òun nu idẹ tó ti dọ̀tí. Bó bá ti gbé ọ̀kan lé e lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀: "Èyí tó rí roboto yìí, O ni. Èyí tó nà gbọnrangandan yìí, I ni. Èyí tó gbé ikùn síta bí ọ̀gá wa yìí, D ni." Bí eré bí eré, láàárín ọdún méjì, obìnrin náà ń ka idẹ geere. Á mú èyí tó bá wù ú lórí pẹpẹ, á kà á sókè, Bàbá Onídẹ á máa mi orí. Kò sì sí èyí tó rántí nínú àwọn méjèèjì pé òdì ni gbogbo ohun tí wọ́n ń kà. Bàbá náà ti gbẹ́ lẹ́tà sódì fún ogójì ọdún. Kò wá sí i lọ́kàn láti sọ fún un pé ọ̀nà mìíràn wà.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bàbá náà, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sọ́dọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ ti ń gbé iṣẹ́ idẹ gbígbẹ́ fáwọn mìíràn níta, wọ́n sì fi Ìyá Oge sídìí ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé fún Ìyá Oge láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí a kọ gàdàgbà gàdàgbà. Inú rẹ̀ dùn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa kọ sí i láyé nìyẹn. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó jókòó lórí ibùsùn, ó ṣí i. Kò rí nǹkan kan kà. A wà níbẹ̀, O wà, I wà, M àti T náà wà. Àwọn yẹn ni ọmọlúàbí, ojú kan náà ni wọ́n ń fi han gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n B àti D, E àti K, ṣe ni wọ́n kẹ̀yìn sí i bí ẹni tí wọ́n jọ jà. Ó gbìyànjú títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé iyè òun ti ra ni.

Ìgbà tó dìde láti nujú ló bá ara rẹ̀ níwájú dígí kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú dígí náà kọjú sí i. "Ọmọ mi," ni bàbá náà kọ, "ṣé o ṣì ń kàwé?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ló ra dígí kékeré.

Bó ṣe ń kàwé láti ìgbà yẹn nìyẹn. Nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì, ẹyọ kan ló lè kà láìwo dígí, ìyẹn ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, torí wọ́n kọ iwájú rẹ̀ sódì kí awakọ̀ tó wà níwájú lè rí i kà nínú dígí tirẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ń pariwo bọ̀, tí gbogbo èèyàn ń sá fún un, Ìyá Oge á dúró kà á pẹ̀lú ìdùnnú. Ó lọ sí kíláàsì àwọn àgbà lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ ní kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀. Ó kọ tirẹ̀ láti ọ̀tún wá, ó mọ́ rekete, kò sí lẹ́tà kan tó wọ́. Olùkọ́ wò ó, ó béèrè bóyá wọ́n wá ṣàwàdà ni. Ojú tì í débi pé kò lè dìde títí kíláàsì fi parí, kò sì padà lọ mọ́. Níbi iṣẹ́, bó bá fọwọ́ síwèé, àwọn èèyàn á wo àmì yẹn, wọ́n á ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ síwèé bí ọlọ́lá." Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, tó jẹ́ pé nọ́ńbà ara téèpù nìkan ló mọ̀ kà, ń fi ìyàwó rẹ̀ yangàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tó bá wọlé, yàrá ni Ìyá Oge ń gbé e lọ, sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkùnrin náà á ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, pé ìyàwó òun ń kàwé, kò fẹ́ ariwo.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn títí lọ, bí kì í bá ṣe ti ipò fọ́ọ́màn.

Fọ́ọ́màn ló ń darí àwọn ẹ̀rọ, òun náà ló sì ń ka bébà iṣẹ́ sókè láràárọ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ipò yẹn lọ Ìyá Oge. Ó ní dókítà sọ pé òun ò gbọdọ̀ máa gbóhùn sókè. Wọ́n lọ mú ọkùnrin kan wá láti ìta, Ìyá Oge ló sì kọ́ ọ ní ojú tí wúrà wà lára bébà wúrà. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló fi ń kọ́ ọ̀gá rẹ̀ níṣẹ́, tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ dín iná kù, sà." Ó dùn ún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó dùn ún gan-an ni.

Wàyí o, orúnkún fọ́ọ́màn náà ti kọṣẹ́, ó ti fẹ̀yìntì. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kékeré torí pé bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti gba àgbọ̀n rẹ̀ tán, pe Ìyá Oge sí ọ́fíìsì.

"Ìyá wa, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ dókítà fún mi lọ́tẹ̀ yìí," ni Ọ̀gá Kékeré wí. "Bẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́, Gírámà ni mo máa fún."

Ìyá Oge ò mọ ìgbà tó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Gírámà ni akọ̀wé ọ́fíìsì. Ó ti dé ibẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sí ohun tó bá ní lẹ́tà lára tí kò ní kà sókè. Ó ń ka ara ike omi, ó ń ka ara ọṣẹ, ó ń ka ìkìlọ̀ tó wà lára agolo tí wọ́n fi ń paná, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fọwọ́ kan irin gbígbóná láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá di ọ̀gá àwọn ẹ̀rọ!

"Mo gbà á," ni Ìyá Oge wí, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ kó tó rò ó.

"Ó dára. Lọ́jọ́ Ẹtì, idẹ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí máa dé. Mátírọ́nì wọn máa wá fúnra wọn. Ẹ̀yin lẹ máa fi idẹ wé bébà níwájú wọn, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i pé a ti gbà á. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, mo fi yín jẹ fọ́ọ́màn lójú gbogbo èèyàn."

Ó kù díẹ̀ kó sọ pé kò sí wàhálà. Ó ní dígí lápò. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ife ẹnì kan fọ́ sínú ẹ̀rọ kejì, tí èérún rẹ̀ fa èèpo ìwé mọ́kànlélógójì ya kí wọ́n tó mọ̀. Ọ̀gá Kékeré bínú. Ó pàṣẹ pé ohunkóhun tó bá jẹ́ gíláàsì kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́: ife, ìgò, dígí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbé abọ́ kan kalẹ̀, ó sì wo Ìyá Oge pẹ̀lú àánú.

"Ìyá Oge, ẹ má bínú. Ẹ̀ ń dára lójú láìwò ó náà."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Oge náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi dígí rẹ̀ sínú abọ́ náà. Ọjọ́ yẹn ló gbìyànjú láti fi rólù bébà wúrà ṣe dígí. Ó ń dán lóòótọ́, àmọ́ ó ń ká lọ́wọ́, ojú tó rí níbẹ̀ dà bíi ti ọba tí eyín ń dùn, kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan kà. Bébà iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí obìnrin tó ń di páálí bá òun kà á, pé ojú ń ta òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ rẹ̀ ti jí ṣáájú rẹ̀. Ó ti po tíì, ó ti lọ ẹ̀wù iṣẹ́ tó jó lápá, ó tiẹ̀ ti lẹ̀ ẹ́ níbi tó jó, pẹ̀lú okùn tó bá a mu.

"Fọ́ọ́màn," ni ọkọ rẹ̀ pè é, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi."

"O ti sọ fún wọn kí wọ́n tó fún mi?"

"Ìwé ni wọ́n ní kó o kà, àbí òkè ni wọ́n ní kó o gùn? Ta ló ń kàwé tó ọ ládùúgbò yìí?"

Ìyá Oge mu tíì rẹ̀ tán. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó ti rò ó bọ̀, ó sì ti rí ọgbọ́n kan dá sí i. Bébà ló ń dà á láàmú, idẹ kì í dà á láàmú. Ohun kan náà ló sì gbọ́dọ̀ wà lára méjèèjì. Á di bébà mú lọ́wọ́ òsì, á gbé idẹ sọ́wọ́ ọ̀tún, á ka idẹ sókè, á máa fojú pa bébà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fi wé e. Ta ló máa mọ̀? Inú rẹ̀ tiẹ̀ balẹ̀ bó ṣe ń bọ́ sọ́nà, ó sì fi dígí rẹ̀ sínú abọ́ ẹ̀ṣọ́ láìwo ẹ̀yìn.

Àárín àwọn ẹ̀rọ ni wọ́n tẹ́ tábìlì sí. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró yíká níbi tó jìnnà díẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn. Mátírọ́nì jókòó. Obìnrin kúkúrú ni, awò ojú rẹ̀ so mọ́ ọrùn, ó sì ní ohùn tó ti lé ọ̀pọ̀ ọkọ jáde ní yàrá ìrọbí. Ọkùnrin tó gun alùpùpù gbé idẹ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé gbígbà àti bírò, ó ń wo aago.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ làwọn ọmọ mi ń gbàwé-ẹ̀rí," ni Mátírọ́nì wí. "Irínwó ni wọ́n. Mi ò fẹ́ àléébù kankan."

"Kò ní sí, mà," ni Ọ̀gá Kékeré wí. "Tí a bá fọwọ́ sí i lónìí, a ó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́rú, ọjọ́ tí èèpo ìwé yín máa pé. Bí àtúnṣe bá wà, òní náà la gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń gbẹ́ òmíràn."

Ó tú aṣọ kúrò lára idẹ, ó ń dán. Gírámà kò lè mú ara dúró. Ó ti na ọrùn kọjá èjìká Ọ̀gá Kékeré.

"Ẹ jẹ́ kí n ran Ìyá wa lọ́wọ́ díẹ̀," ni Gírámà wí. Ó mú bébà iṣẹ́, ó fi ìka tọ lẹ́tà ara idẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń jó. "Ó bára mu. Èyí náà bára mu. Kò sí lẹ́tà kan tó ṣìnà. Ó mọ́ kedere, sà. Ọmọdé gan-an lè kà á."

Ọ̀gá Kékeré wo idẹ náà, òun náà kà á, ó mi orí. Ọ́fíìsì lòun náà ń jókòó sí, ìwé ìṣirò ló kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í sábà dé ara idẹ. Mátírọ́nì gbé awò sójú, ó wò ó, ó ní ó dára. Wọ́n gbé idẹ àti bébà síwájú Ìyá Oge.

Ó di bébà mú lọ́wọ́ òsì. Ó gbé idẹ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ó la ẹnu.

Kò rí nǹkan kan kà.

Ó pa ẹnu dé. Ó fi etí aṣọ nu idẹ náà, ó tún wò ó. B kẹ̀yìn sí i. E kẹ̀yìn sí i, K náà. Ó rántí ọjọ́ tó jókòó lórí ibùsùn tó rò pé iyè òun ti ra, ó sì rò pé èyí gan-an ni ọjọ́ náà, pé ó ti dé, lójú gbogbo èèyàn. Idẹ ló kù fún un láyé, idẹ náà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tó ti ń wò ó ni ọ̀rọ̀ Gírámà ti padà wọ̀ ọ́ létí. Ọmọdé gan-an lè kà á. Ìgbà wo ni Gírámà ti ń ka idẹ? Ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ti wà níbẹ̀, kò ka idẹ kan rí láìbéèrè ibi tó jẹ́ orí rẹ̀.

"Mi ò lè ka idẹ yìí," ni Ìyá Oge wí.

"Ṣé ojú ń ta yín ni?" ni Ọ̀gá Kékeré béèrè.

"Rárá. Idẹ náà ni kò dáa. Wọn ò gbẹ́ ẹ sódì."

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́," ni Gírámà wí jẹ́jẹ́. "Mo ti fi wé bébà. Ẹ ka bébà fún wa, kẹ́ ẹ ka idẹ, kẹ́ ẹ fi lẹ́tà tí kò bára mu hàn wá."

Ó ti bébà náà sún mọ́ ọn. Gbogbo èèyàn ń wò ó. Ìyá Oge mọ̀ pé ó ku ibi kan tí òun lè gbà bọ́: kó ní lóòótọ́ ni, ojú ló ń ta òun, kó fọwọ́ síwèé bí ọlọ́lá, kó di fọ́ọ́màn. Ní Ọjọ́rú tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀bi á di ti gbogbo èèyàn. Ọkọ rẹ̀ ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wo Mátírọ́nì, ó rántí irínwó ọmọ yẹn.

"Mi ò lè ka bébà náà," ni Ìyá Oge wí. "Mi ò lọ sílé-ìwé rí. Ara idẹ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà níbí, ọ̀dọ̀ Bàbá Onídẹ. Òdì nìkan ni mo mọ̀ kà. Dígí tí ẹ̀ ń wí yẹn, bébà iṣẹ́ ni mo fi ń kà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń sọ fún yín pé idẹ tí Gírámà bá lè kà, tí èmi ò lè kà, kì í ṣe idẹ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gírámà ṣe ohun tó burú ju ẹ̀rín lọ, ó káàánú rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Mátírọ́nì kọjú sí Ọ̀gá Kékeré.

"Ẹni tí kò mọ̀wé kà ni ẹ fẹ́ fi ṣe olórí?"

Ìyá Oge kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti gbé idẹ, ó ti ń lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó dè é mọ́ orí irin, ó na bébà wúrà, ó mú èèpo ìwé aláwọ̀ aró kan látinú èyí tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ àná. Ó ta omi sára irin, ó tẹ́tí. Ó dúró. Gbogbo ilé-iṣẹ́ dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún ta á, ó mi orí, ó sì fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀. Pẹ̀ẹ́.

Ó gbé e wá sórí tábìlì. Ẹ ò rí wúrà tó lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó mọ́, ó dán, etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mú bí abẹ. Mátírọ́nì gbé awò sójú, ó bọ́ ọ, ó tún gbé e sójú. Gírámà ṣí ẹnu láti kà á, ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ó yí ìwé náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dorí rẹ̀ kodò. Ètè rẹ̀ kò jó. Ọ̀gá Kékeré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà fi ìka tọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ó sì dúró síbẹ̀. Ọkùnrin alùpùpù rọra ki bírò rẹ̀ padà sápò.

Ọ̀gá Kékeré gbé ìwé náà kalẹ̀ síwájú Ìyá Oge pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Fọ́ọ́màn," ni Ọ̀gá Kékeré wí, "ẹ bá wa kà á."

Ìyá Oge wo ìwé náà. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sí bébà tó kọjú sí i bẹ́ẹ̀ rí. B kọjú sí i, E kọjú sí i, K náà. Kò wá dígí, kò wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó fi ìka lé ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kà á sókè fún gbogbo wọn, geere, láìkọsẹ̀:

"Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Agbẹ̀bí. A jẹ́rìí pé ẹni tó ni ìwé yìí ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Kò sẹ́ni tó ní kó tún un kà. Ó mí kanlẹ̀, ó dá ìka rẹ̀ padà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì tún un kà látìbẹ̀rẹ̀.